Ìgbà Tí Mo Ń Gbàdúrà Kí Ilé Káńsù Wó

Títí dòní, bí mo bá gbóòórùn ọ̀dà tútù lára ògiri, ojú máa ń tì mí díẹ̀. Bẹ́ẹ̀, mo ti fẹ́ràn òórùn yẹn rí. Ní apá ìparí àwọn ọdún 1980, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ sí ẹ̀ka tó ń bójú tó ilé ní káńsù kan lápá Ọ̀jọ́, kò sí ohun tó wù mí bíi kí n dé ibi iṣẹ́ láàárọ̀ kí n bá àwọn akunlé níbi tí wọ́n ti ń po ọ̀dà sínú garawa. Màá wọ bàtà kánfáàsì, màá há pẹ́ńsù sẹ́yìn etí, màá sì máa pàṣẹ fún àwọn ọkùnrin tó tó bàbá mi. Iléèwé tí wọ́n ti ń kọ́ni ní iṣẹ́ ilé kíkọ́ ní apá Ògùn ni mo ti jáde, mo sì ń gbé lọ́dọ̀ àbúrò ìyá mi ní Okokomáìkò. Èmi nìkan ni obìnrin tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ní káńsù náà. Àwọn ará àdúgbò ń pè mí ní ẹnjiníà, mi ò sì sọ fún wọn pé mi ò tíì fi ọwọ́ ara mi gbé búlọ́ọ̀kù kan lé èkejì rí.

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ni káńsù ń lò, kò jìnnà sí ojú ọ̀nà tó gba Ìyànà-Ìbà lọ sí ìlú Ìbà. Òkè ni ọ́fíìsì àwọn ọ̀gá wà. Ìsàlẹ̀ jẹ́ gbọ̀ngàn ńlá kan, ibẹ̀ sì ni àwọn abiyamọ ti máa ń gbé ọmọ wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ní ọjọ́rú, tí wọ́n á sì gba ìwé ọjọ́ ìbí ọmọ wọn. Tí ilẹ̀ bá ti mọ́ báyìí, wọ́n ti kún orí bẹ́ǹṣì: ìyàwó awakọ̀ láti Okokomáìkò, ìyàwó òṣìṣẹ́ ìjọba láti inú ẹ́sítéètì Ìbà, àwọn obìnrin Ìgbò tí ọkọ wọn ń tajà ní Àlàbá, àwọn ọmọ onílẹ̀ Ọ̀jọ́ tí ìyá ọkọ wọn tẹ̀ lé wọn wá. Ariwo ọmọ á gba gbogbo ilé. Lókè, àwọn ọ̀gá á ti fèrèsé.

Kì í ṣe pé kò sí owó àtúnṣe fún ilé yìí nínú ìwé. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń yà á sọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n owó tí kò bá ní ẹni tó ń ké tọ̀ ọ́, òun ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń ná. Ilé kì í sunkún, kì í kọ ìwé ẹ̀bẹ̀, kì í da iṣẹ́ sílẹ̀. Bí mọ́tò ọ̀gá bá dákẹ́ lójú ọ̀nà, inú owó ilé ni wọ́n á ti tún un ṣe. Bí àlejò bá ń bọ̀ láti ọ̀dọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀, inú rẹ̀ náà ni wọ́n á ti ra mínírà àti ẹran díndín. Ohun tó bá ṣẹ́kù, a óò fi ra ọ̀dà. Ọ̀dà ni oògùn gbogbo àìsàn tó bá ń ṣe ilé yẹn.

Irú àlejò bẹ́ẹ̀ kan ló ń bọ̀ nígbà tí mo kọ́kọ́ rí ilà kan lójú dẹ́kìn, kankéré tí wọ́n dà sí àárín ìsàlẹ̀ àti òkè, lókè gbọ̀ngàn. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ara òpó kan, ó ń wọ́ lọ síhà fèrèsé bí ipa ìgbín. Mo fi han ọ̀gá ẹ̀ka wa, ọkùnrin Ìjẹ̀bú kan tí ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu wọn. Wọ́n gbójú sókè, wọ́n tún gbé e wálẹ̀.

"Dí i, kí o kun ún," ni wọ́n wí. "Ọjọ́ Ẹtì ni àwọn àlejò ń bọ̀."

Mo dí i, mo sì dí i dáadáa. Mo ní kí wọ́n kun ún lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú ọ̀dà funfun, débi pé èmi gan-an ò mọ ibi tí ilà náà gbà mọ́. Akọ̀wé àgbà káńsù, tí gbogbo wa ń bẹ̀rù, sọ̀ kalẹ̀ wá wò ó, wọ́n sì sọ fún àwọn tó wà níbẹ̀ pé, "Ẹ wo iṣẹ́ ọmọ obìnrin." Orí mi wú. Àwọn àgbà ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀. Lójú tèmi, mo ti pa ẹnu ògiri dé. Mi ò bi í pé kí ló fẹ́ sọ.

Ó tó oṣù méjì lẹ́yìn náà, ní ọ̀sán ọjọ́rú kan, tí nọ́ọ̀sì àgbà tó ń bójú tó abẹ́rẹ́ àwọn ọmọ ránṣẹ́ pè mí. Àwọn abiyamọ ti lọ. Nọ́ọ̀sì dúró ti tábìlì wọn, wọ́n káwọ́ sẹ́yìn. Òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ọmọ wà lórí tábìlì, àwo rẹ̀ ti tẹ̀ wọnú, kankéré kan tó tó ìdajì búrẹ́dì sì wà nínú àwo náà, níbi tí wọ́n máa ń tẹ́ ọmọ sí.

"Ọmọ tí mo wọ̀n kẹ́yìn," ni wọ́n sọ, ohùn wọn ò sì lọ sókè rárá, "ìyá rẹ̀ ò lè tíì dé Ìyànà-Ìbà báyìí. Ṣé ìwọ lo kun ibí yìí?"

"Èmi ni, mà."

"Ó dáa. Wá kó ọ̀dà rẹ."

Mo gbé kankéré náà. Ọ̀dà funfun tí mo kùn ṣì ń dán lójú rẹ̀ kan. Mo yí i padà. Ìpẹtà ló kún ojú kejì, ó pupa, ó ń ya dà sí mi lọ́wọ́ bí epo igi gbígbẹ. Gbogbo ohun tí mo kọ́ níléèwé nípa irin àti kankéré wá sọ́kàn mi lẹ́ẹ̀kan náà, bí àlejò tó pẹ́ kó tó dé.

Bàbá bíríkìlà kan wà tí káńsù máa ń pè fún iṣẹ́ wẹ́wẹ́, Ègùn ni wọ́n, wọ́n ti ń gbé Ọ̀jọ́ láti kékeré. Mo lọ pè wọ́n. Wọ́n gun àkàbà, wọ́n ń fi èèkù òòlù gbá dẹ́kìn níhìn-ín lọ́hùn-ún, wọ́n ń tẹ́tí sí i bí ẹni ń gbọ́ ọ̀rọ̀ àṣírí. Nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn abiyamọ.

"Mo mọ ohun tó ń ṣe é," ni wọ́n wá sọ. "Ọmọ iṣẹ́ ni mí nígbà tí wọ́n ń da dẹ́kìn yìí. Owó yanrìn odò tán. Ọ̀gá wa ní ká máa lọ kó yanrìn etí òkun, pé yanrìn ni gbogbo yanrìn ń jẹ́. A ò fi omi dídùn fọ̀ ọ́. Iyọ̀ inú rẹ̀ ló ń jẹ irin láti ọjọ́ náà."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ ọ́, bàbá?"

"Ta ni kí n sọ fún? Ọmọ iṣẹ́ ni mí. Nígbà tó yá, mo di ọ̀gá, mo rí i pé ilé ò wó, mo ní bóyá Ọlọ́run ti gbà á." Wọ́n fi ọwọ́ nu eruku ojú wọn. "Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Tiwa yìí, iyọ̀ la fi mọ ọ́."

Mo kọ lẹ́tà olójú ìwé mẹ́ta lọ́jọ́ kejì, mo ya àwòrán sí i, mo sì gbé e lọ fún ọ̀gá ẹ̀ka wa. Wọ́n kà á tán pátápátá. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fa dúrọ́ọ̀ ìsàlẹ̀ tábìlì wọn, wọ́n kó ẹ̀dà àwọn lẹ́tà kan síwájú mi. Ọ̀gá fúnra wọn ló kọ wọ́n. Ọ̀rọ̀ dẹ́kìn yẹn náà ni. Ìwé tó wà nísàlẹ̀ ti pọ́n bí ewé kókò tó ti gbẹ.

"Èsì kan náà ni wọ́n ń fún mi," ni wọ́n wí. "Kò sí owó, àfi lọ́dún tó ń bọ̀. Ọdún tó ń bọ̀ yẹn ni mo ti ń retí láti ìgbà tí mo ti dé ibí."

"Ẹ̀yin lẹ sì ní kí n kun ún, sà."

"Èmi ni." Wọ́n wo ojú fèrèsé. "Ọmọ mẹ́rin ló wà níléèwé lọ́wọ́ mi."

Mo fojú kéré wọn lọ́jọ́ yẹn. Ọmọdé tí kò tíì gbé ẹrù rí ló ń sọ pé ẹrù ò wúwo. Nígbà tí èmi náà bí ọmọ, tí mo sì ń san owó iléèwé, mo tún ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́ lọ́tọ̀.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, mo ra àgádágodo kan ní Ìyànà-Ìbà. Ní ọjọ́rú, kí abiyamọ kankan tó dé, mo ti ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn pa. Nígbà tí nọ́ọ̀sì àgbà dé, wọ́n wo àgádágodo, wọ́n wò mí.

"Kọ́kọ́rọ́ ńkọ́?"

"Ó wà lọ́wọ́ mi, mà."

"Má fún mi. Bí wọ́n bá bi mí, kí n lè sọ pé kò sí lọ́dọ̀ mi." Wọ́n bá gbé kúlà abẹ́rẹ́ karí, wọ́n sọdá títì.

Ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun kan ló wà lódìkejì, wọ́n ní àtíbàbà onípáànù níwájú. Ìyá ìjọ gbà wá tọwọ́tẹsẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ní kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ wọ bàtà wọ ilẹ̀ mímọ́. Báyìí ni gbogbo abiyamọ, onígbàgbọ́ àti mùsùlùmí, ṣe bọ́ bàtà lẹ́sẹẹsẹ létí ọ̀nà. Àlàájì kan tó gbé ọmọ ọmọ rẹ̀ wá rẹ́rìn-ín, ó ní bọ́ bàtà kì í ṣe nǹkan tuntun fún òun. Gbogbo ọmọ gba abẹ́rẹ́ lọ́jọ́ náà.

Ọ̀sán ò tíì pọ́n tí akọ̀wé àgbà fi pè mí sókè. "Ta ló fún ẹ láṣẹ láti ti ilé ìjọba pa?"

Mo ti ṣètò ọ̀rọ̀ tó gún régé sílẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì pòórá. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni, "Ó máa wó, sà."

"Ilé tí ìwọ fúnra ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn?"

Wọ́n fún mi ní kúẹ́rì, wọ́n sì ní kí n lọ jókòó sílé títí wọn yóò fi pè mí. Wọ́n já àgádágodo mi. Nọ́ọ̀sì àgbà kò padà síbẹ̀ ní tiwọn, wọ́n ní afẹ́fẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì tutù ju ti gbọ̀ngàn lọ. Ṣùgbọ́n akọ̀wé àgbà fún wọn ní oṣù kan péré, wọ́n ní lẹ́yìn ìyẹn, àwọn á mú nọ́ọ̀sì mìíràn tó mọ ọ̀nà gbọ̀ngàn wá. Àsìkò òjò sì ń bọ̀. Páànù àtíbàbà yẹn ń jò, àwọn abiyamọ alára ti ń béèrè ìgbà tí àwọn máa padà sínú ilé.

Ìgbà tí mo jókòó sílé yìí ni mo mọ irú ẹni tí mo jẹ́. Ní ṣọ́ọ̀ṣì àbúrò ìyá mi, tí wọ́n bá ti ní kí kálukú sọ ohun tó ń fẹ́ fún Ọlọ́run, ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ilé káńsù wó. Mo máa ń fi kún un pé kó jẹ́ ọjọ́ Àìkú, tí kò ní sí èèyàn níbẹ̀, kí Ọlọ́run má baà rò pé ìkà ni mí. Ní àràárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo máa ń wá nǹkan rà ní Ìyànà-Ìbà kí n lè kọjá níwájú ilé náà. Ó dúró ṣinṣin. Ọ̀dà mi ń dán lára rẹ̀. Mo máa ń darí sílé pẹ̀lú ìbànújẹ́. Àbúrò ìyá mi ò dá ẹnu dúró ní tiwọn: ṣé torí ògiri tí kì í ṣe ti bàbá mi ni mo ṣe sọ iṣẹ́ ìjọba nù?

Ọjọ́ kan ni mo lọ sílé bàbá bíríkìlà, mo sì sọ òótọ́ fún wọn. Mo ní, "Bàbá, mo fẹ́ kó wó."

Wọn ò bú mi. Wọ́n ń pọ́n ṣíbí ìrẹ́lé wọn lórí òkúta, wọn ò dáwọ́ dúró. "Bó bá wó, wọ́n á gbà pé o ò purọ́," ni wọ́n wí. "Bí kò bá wó, kò sẹ́ni tó kú. Èwo lo fẹ́ jù?"

Wọ́n wá gbé ṣíbí náà sílẹ̀. "Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi ti wà lọ́jà yẹn tipẹ́, mo sì ń wòran. Lọ sílé. Ó ku ọwọ́ mi."

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, wọ́n wọ agbádá kan ṣoṣo tí wọ́n ní, wọ́n lọ sí ìpàdé àwọn onílé. Èmi àti nọ́ọ̀sì àgbà tẹ̀ lé wọn, a dúró lẹ́yìn. Níwájú gbogbo àwọn èèyàn tí wọ́n ti kọ́ ilé fún, bàbá yìí dìde, wọ́n sì sọ ọ̀rọ̀ yanrìn etí òkun láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọn ò dá a lé ọ̀gá wọn tó ti kú lórí nìkan. Bíríkìlà tó bá sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn ní gbangba, ta ló tún fẹ́ gbé iṣẹ́ fún un? Alága àwọn onílé, bàbá arúgbó kan, ọmọ bíbí Ọ̀jọ́, ló kọ́kọ́ lanu.

"Nínú ẹ̀yin tẹ́ ẹ da dẹ́kìn yẹn, ta ló kù?"

"Ó ku èmi."

"Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ kù," ni alága wí.

Ọ̀rọ̀ náà kúrò ní ti ọmọ obìnrin tó ti ilé ìjọba pa. Àwọn onílé dá owó, àwọn oníṣòwò Àlàbá tí ìyàwó wọn ń gbé ọmọ wá síbẹ̀ dá tiwọn lé e, wọ́n fi mú ẹnjiníà kan wá láti àárín ìlú Èkó, ẹni tí kò jẹ káńsù ní gbèsè ìtìjú kankan. Wọ́n kọ̀wé sí akọ̀wé àgbà pé àwọn kàn fẹ́ kí ó wò ó ni. Akọ̀wé àgbà gbà, kí ẹnu lè kúrò lára wọn.

Lọ́jọ́ tí ó wá, mo dúró lẹ́yìn ọgbà, torí mi ò láṣẹ láti wọlé. Láti ibi tí mo wà, mo ń rí i láti ojú fèrèsé. Ó gun àkàbà, ó fi òòlù fọ́ ibì kan lára dẹ́kìn títí ó fi dé orí irin. Ó mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò láti àpò rẹ̀, ó fi ha irin náà, irin náà sì já bí ègé iṣu jíjẹrà. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ níbi mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ó sọ̀ kalẹ̀ kíákíá, ó sì ní kí gbogbo èèyàn tó wà lókè máa bọ̀ nísàlẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n má sáré.

Akọ̀wé àgbà ló jáde kẹ́yìn. Wọ́n ń gbé ẹsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń tẹ orí ẹyin. Wọ́n rìn títí dé ọ̀dọ̀ mi lẹ́yìn ọgbà, fáìlì kan wà lábẹ́ abíyá wọn.

"Tábìlì mi wà lókè ibẹ̀ gan-an," ni wọ́n wí.

"Mo mọ̀, sà."

"O mọ̀?"

"Mo kọ ọ́ sínú lẹ́tà tí mo fún ọ̀gá ẹ̀ka wa, sà. Ojú ìwé kejì."

Èmi jókòó sórí búlọ́ọ̀kù kan tó wà níbẹ̀, mo sì bú sẹ́kún. Kì í ṣe ẹkún ayọ̀ pé mo jàre. Àdúrà tí mo ti ń gbà látọjọ́ yìí ló ń dẹ́rù bà mí. Mo ń wo àwọn akọ̀wé, àwọn mẹ́séńjà, obìnrin tó ń gbálẹ̀, tí gbogbo wọn dúró nínú oòrùn tí wọ́n ń bínú pé wọn ò rí ibi jókòó, mo sì ń dúpẹ́ pé Ọlọ́run ò dá mi lóhùn. Nọ́ọ̀sì àgbà bu omi fún mi nínú kọ́ọ̀pù. Wọ́n ní kí n nu ojú mi, pé iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni.

Lóòótọ́ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Wọ́n pè mí padà láàárín ọ̀sẹ̀ náà. Káńsù rí owó tí wọ́n ti ní kò sí, àmọ́ kò tó. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà: àwọn onílé gbé símẹ́ńtì kalẹ̀, àwọn ará Àlàbá gbé irin, àwọn bíríkìlà àdúgbò sì fi ọjọ́ Àbámẹ́ta ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́. A fi igi ró dẹ́kìn àtijọ́ náà, a tú u wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kò sì sẹ́ni tó fi ìka gbọgbẹ́. Ọ̀gá ẹ̀ka wa wà níbẹ̀ láti òwúrọ̀ ṣúlẹ̀, wọ́n ká apá ṣẹ́ẹ̀tì sókè, wọ́n ń sọ̀rọ̀ ju bí mo ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu wọn rí lọ. Bàbá bíríkìlà ló ń gba yanrìn. Bí típà bá dé, wọ́n á bu díẹ̀, wọ́n á fi sórí ahọ́n, wọ́n á tọ́ ọ wò. Wọ́n dá odindi típà kan padà, awakọ̀ náà sì búra pé òun ò rí ibi tí wọ́n ti ń jẹ yanrìn rí.

Kí àwọn onílé tó gbé símẹ́ńtì kalẹ̀, wọ́n bẹ káńsù fún ohun kan, alága wọn ò sì gbà kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Wọ́n ní owó tí wọ́n bá yà sọ́tọ̀ fún ilé, kò gbọ́dọ̀ jáde àfi tí ọ̀gá ẹ̀ka wa, nọ́ọ̀sì àgbà àti aṣojú àwọn onílé bá fọwọ́ sí i. Akọ̀wé àgbà ló kọ ìwé àdéhùn náà fúnra wọn, wọ́n sì kọ ọ́ dáadáa. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, nígbà tí mọ́tò ọ̀gá kan tún dákẹ́, nọ́ọ̀sì àgbà kọ̀ láti fọwọ́ sí i. Ọ̀gá náà wọ bọ́ọ̀sì fún oṣù méjì, kò sì kú.

Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí. Bàbá bíríkìlà ti lọ sílé ìsinmi wọn, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀gá ẹ̀ka wa. Nínú iṣẹ́ tí mo ṣe fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn ilé tí mo kọ́ ni àwọn èèyàn máa ń yìn mí fún. Kò sẹ́ni tó ń yin èèyàn fún ilé tí kò wó lé ẹnikẹ́ni. Ohun tí kò ṣẹlẹ̀ kì í ní ìtàn, kì í ní ọjọ́ ìrántí, àwọn tó sì gbà là ò mọ̀ pé wọ́n wà nínú ewu rí. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ìyẹn ì bá dùn mí. Ní báyìí, òun ló ń tù mí lára jù.

Láìpẹ́ yìí, òjò ká mi mọ́ ọ̀nà Ìbà, mo sì yà sínú gbọ̀ngàn náà. Ọjọ́rú ni. Ọmọbìnrin kan tó ń fún ọmọ lọ́mú sún fún mi lórí bẹ́ǹṣì. "Ẹ jókòó, mà," ló wí, "òjò yìí máa pẹ́." Mo bi í bí ọmọ náà ṣe dàgbà tó. Ó ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Mo jókòó tì í, a jọ ń gbọ́ òjò lókè, ọmọ náà sì sùn lọ.